Báàgì Àgbà Lórí Òkè Yìnyín

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan nínú oṣù Kejì ọdún 1984, ìdílé Mákánjúọlá ti ti ilé ìjọsìn dé sí ilé wọn ní Mission Bend, ní ìwọ̀-oòrùn Houston. Ìrẹsì wà lórí tábìlì, dòdò ń bọ̀ láti ilé ìdáná, ẹ̀rọ amúlétutù sì ń kùn, nítorí pé oòrùn ọjọ́ náà kò bìkítà pé ìgbà òtútù ni. Ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, pátákó sikíì gígùn gígùn ló fara ti ògiri, pẹ̀lú bàtà líle wọn àti fìlà onírun tí ẹnikẹ́ni kò lè dé ní Houston kí ó má làágùn.

Ẹnjiníà Mákánjúọlá ló ni wọ́n. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti rí sí ààbò àwọn òṣìṣẹ́ ní ilé ìfọpo kan ní Deer Park. Ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ kan níbi iṣẹ́ ló kọ́ ọ bí a ti ń wọ pátákó wọ̀nyí yọ̀ lórí yìnyín. Láti ìgbà náà, kò sí ọdún tí kò lọ sí òkè Colorado, tòun ti ọ̀rẹ́ rẹ̀, Dókítà Ọládọ̀tun, àti Bíyìí, àbúrò ìyàwó rẹ̀, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ibi tí ẹ̀rọ ti ń gbéni gòkè, tí àwọn ẹ̀ṣọ́ sì ti ń ṣọ́ òkè, ni wọ́n ń lọ. Lọ́dún tó kọjá, ibẹ̀ sú wọn. Wọ́n gba ẹ̀yìn òkè lọ, níbi tí kò sí ẹ̀rọ, tí kò sí ẹ̀ṣọ́, tí kò sì sí ẹni tí yóò gbọ́ igbe wọn.

Wọ́n tún ti ń palẹ̀ mọ́ láti padà síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

"Ibi ẹ̀rọ yẹn, ọjà ni," Mákánjúọlá wí, bí ó ti ń bu ẹran sí àwo àlejò rẹ̀. "Ẹ̀yìn òkè ni ayé wà. Yìnyín tí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni kò tíì tẹ̀."

Mojí ni àlejò náà. Ìmọ̀ nípa ilẹ̀ àti òkúta ni ó fi ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ elépo kan ní Spring. Colorado ni ó ti kàwé, ibẹ̀ náà ni ó sì ti gba ẹ̀kọ́ nípa bí yìnyín ṣe máa ń ya láti orí òkè bo ènìyàn mọ́lẹ̀. Ìyàwó ilé, Ọmọ́bọ́lá, ni ó wá kí. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ó ti rí pátákó wọ̀nyẹn, ara rẹ̀ kò lélẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," ni ó wí, "ta ló kọ́ yín bí a ṣe ń rìn ní ẹ̀yìn òkè?"

"Kí ni ẹnìkan tún fẹ́ kọ́ wa? Ó ti pẹ́ tí a ti ń yọ̀ lórí yìnyín."

"Bí a ṣe ń yọ̀ lẹ mọ̀, sà. Bí a ṣe ń mọ ibi tí yóò ya ni mò ń bèèrè."

Dókítà Ọládọ̀tun fi ṣíbí rẹ̀ sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín. "Mojí, odi Jẹ́ríkò ni o pe òkè yẹn, tí yóò kàn dédé wó?"

"Ó ń wó ju Jẹ́ríkò lọ, Dókítà. Wọn kì í sì í fun fèrè fún un kí ó tó wó."

Bíyìí fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wo ojú ọkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì gbé ẹ̀rín náà mì.

Mojí wá ṣàlàyé. Ó ní yìnyín tó wà lórí òkè kì í ṣe ẹyọ kan ṣoṣo. Èyí tó rọ̀ lóṣù tó kọjá wà nísàlẹ̀, èyí tó rọ̀ lánàá wà lókè, wọ́n to ara wọn léra bí aṣọ tí a ká sínú àpótí. Bí ọ̀kan nínú àwọn tó wà láàárín kò bá di ara rẹ̀ mú, ẹsẹ̀ ẹnìkan péré ti tó láti mú kí gbogbo èyí tó wà lórí rẹ̀ já. Ibi tí òkè bá ti dà gẹ̀rẹ́ bí àtẹ̀gùn ilé, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni ó ti sábà máa ń ṣẹlẹ̀.

"Nígbà tó bá ń bọ̀, ó ń ṣàn bí omi," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n bí ó bá ti dúró báyìí, ó di sìmẹ́ńtì. Ẹni tó wà nínú rẹ̀ kò lè gbé ìka. Ẹni tí a bá tètè wú jáde ló sábà máa ń yè. Bí ó bá fi máa tó ìdajì wákàtí, ìrètí ti kéré gan-an. Bí ẹ bá sáré lọ pe àwọn ẹ̀ṣọ́, ẹni náà yóò ti kú kí wọ́n tó dé. Ẹ̀yin tí ẹ jọ lọ ni ẹ ó wú ara yín jáde."

Mákánjúọlá dìde. Ó wọ yàrá lọ, ó sì gbé nǹkan pẹlẹbẹ kan jáde, tó rí bí rédíò kékeré, tí ó ní okùn tí a lè gbé kọ́ ọrùn àti wáyà tí a ń kì bọ etí.

"Ṣé o rí i pé a kì í ṣe ọmọdé? Ẹ̀rọ ìwáni rèé. Kálukú wa ló ní tirẹ̀. Bí yìnyín bá bo ẹnìkan, tirẹ̀ á máa ké lábẹ́ ilẹ̀, tàwọn yòókù á sì máa gbọ́ ọ. Bí wọ́n bá ṣe ń sún mọ́ ọn ni igbe náà yóò máa le sí i. A yá wọn lọ́dún tó kọjá, a sì tún ti yá wọn."

"Kí ni ẹni tó yá yín sọ fún yín nípa rẹ̀?"

"Ó ní kí a má ṣe sọ ọ́ nù."

Kí òǹkàwé wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Oníṣòwò kan fi ohun tí ẹ̀mí so mọ́ lé oníbàárà lọ́wọ́, ohun kan ṣoṣo tí ó sì bá a sọ ni kí ó má ṣe sọ ọjà òun nù. Oníbàárà náà, ẹni tí kì í jẹ́ kí òṣìṣẹ́ kankan fọwọ́ kan ẹ̀rọ ní Deer Park láìgba ẹ̀kọ́, gbà á, ó dúpẹ́, ó sì lọ. Àwọn méjèèjì ló jẹ̀bi.

Ọmọ́bọ́lá wá dá sí i. Nọ́ọ̀sì ni, ó sì mọ bí a ṣe ń bèèrè ọ̀rọ̀. Orúkọ ọmọ wọn, Bàbá Lará, ni ó fi ń pe ọkọ rẹ̀.

"Mojí, bí yìnyín bá bo Bàbá Lará mọ́lẹ̀, ṣé ẹ̀rọ yìí yóò jẹ́ kí wọ́n rí wọn?"

"Bí wọ́n bá mọ̀ ọ́n lò, Àǹtí."

"Ṣé wọ́n mọ̀ ọ́n lò?"

"Ẹ jẹ́ ká wò ó. Ọjọ́ Sátidé, níhìn-ín."

"Ní Houston? Níbo ni yìnyín wà?" Ọládọ̀tun bèèrè.

"A ò nílò yìnyín láti mọ̀ bóyá ẹ lè rí ẹni tó pamọ́."

Ọmọ́bọ́lá yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Bí wọn kò bá rí yín níhìn-ín, tí ilẹ̀ tẹ́jú bí àwo, ẹ ò ní í bá wọn gun òkè kankan lọ. Mo ti sọ tèmi."

Mákánjúọlá ní ó dára. Ó ní eré ọmọdé ni, àwọn yóò sì parí rẹ̀ kí oòrùn tó mú.

Lẹ́yìn àwọn ilé tí wọ́n kọ́ gbẹ̀yìn ní àdúgbò náà, pápá kan wà tí àwọn kọ́lékọ́lé pa tì. Òkìtì yanrìn pọ̀ níbẹ̀, páìpù kọnkéré ńláńlá tí wọ́n fẹ́ rì mọ́lẹ̀ fún omi òjò sì tò lọ bẹẹrẹ. Mojí ti tọrọ àyè lọ́wọ́ ẹni tó ni ilẹ̀. Ó ta tàpólì bo ẹnu àwọn páìpù náà, ṣùgbọ́n ó fi àyè sílẹ̀ fún atẹ́gùn.

Ó ti ní kí wọ́n wá bí ẹni tó ń lọ sórí òkè gan-an, tẹrù tẹrù. Ní òwúrọ̀ Sátidé, Bíyìí àti Dókítà ló kọ́kọ́ dé. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ Mákánjúọlá dúró, Ọmọ́bọ́lá sì bọ́ sílẹ̀. Mákánjúọlá ti tan ẹ̀rọ ìwáni rẹ̀ láti ilé, ṣùgbọ́n okùn rẹ̀ ń ha á lọ́rùn nínú ooru, nítorí náà ó tì í bọ inú báàgì tí a máa ń gbé kọ́ ẹ̀yìn. Bí ó ti bọ́ sílẹ̀ tòun ti báàgì lọ́wọ́, Bíyìí sáré pàdé rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ ní ìdajì, ó na ọwọ́.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ gbé e wá, sà."

"Má yọnu, kò wúwo."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà."

Báàgì bọ́ sọ́wọ́ ọmọ. Ó gbé e kọ́ àyà, nítorí tirẹ̀ ti wà lẹ́yìn. Ta ni ìbá rí ohun tó burú nínú èyí? Ọmọ tí a kọ́ kì í wo àgbà níran kí ó máa ru ẹrù.

Mojí rí i. Kò sí okùn ẹ̀rọ lọ́rùn Mákánjúọlá.

"Ṣé gbogbo yín ti tan ẹ̀rọ yín?" ni ó bèèrè.

"A ti tan án," wọ́n dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

Ó ní kí àwọn yòókù kọjú sí ẹ̀yìn ọkọ̀, kí Mákánjúọlá sì lọ wọ inú páìpù tó bá wù ú. Ó fi ẹ̀rọ ti ara rẹ̀ lé Ọmọ́bọ́lá lọ́wọ́, ó kọ́ ọ bí a ṣe ń yí i kúrò ní kíké sí gbígbọ́ àti bí a ṣe ń dín ohùn rẹ̀ kù. Lẹ́yìn náà ni ó wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé:

"Yìnyín ti ya. Ẹ̀gbọ́n wà lábẹ́ rẹ̀."

Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yí ẹ̀rọ wọn sí gbígbọ́. Kíá ni Bíyìí gbé ọwọ́ sókè.

"Mo ti gbọ́ wọn. Ó ń ké kíkankíkan."

Ó gba ọwọ́ òsì lọ, ó ń ké kíkankíkan. Ó gba ọwọ́ ọ̀tún, bákan náà ni. Ó dín ohùn kù, ó tún rìn, ibi gbogbo ló ti ń ké. Níkẹyìn ó dúró lórí òkìtì yanrìn kan. "Abẹ́ ibí ni," ni ó wí, ó sì ki ṣọ́bìrì bọ̀ ọ́.

"Bíyìí, tèmi náà ń tọ́ka sí ọ̀dọ̀ rẹ," Dókítà wí.

"Nítorí pé ibí ni wọ́n wà, sà. Ẹ bá mi wà á."

Dókítà bẹ̀rẹ̀ sí wà á. Òógùn bò wọ́n. Báàgì tó wà láyà Bíyìí ń gbá a lórúnkún bí ó ti ń bẹ̀rẹ̀, ó ń tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ọmọ́bọ́lá kò bá wọn wà yanrìn. Òun nìkan ló ń tọ ẹsẹ̀ àwọn páìpù lọ. Ó dé ẹnu èyí tí ó wà lópin, ó dúró, ó tẹ́tí. Igbe tó wà ní etí rẹ̀ ti kéré, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máà sí mọ́. Ó ṣe gẹ́gẹ́ bí a ti kọ́ ọ: níbi tí igbe bá ti ń kú lọ, ẹni tí à ń wá kò sí níbẹ̀. Ó yí padà, ó sì lọ bá wọn níbi òkìtì.

Yanrìn tí wọ́n wà ti tó ìbàdí, wọn kò bá nǹkan kan. Wọ́n bọ́ sí òkìtì kejì.

"Ó tó," Mojí wí. Ó wo aago rẹ̀. "Ẹ gbé ṣọ́bìrì sílẹ̀. Àkókò tí Ẹ̀gbọ́n ní ti tán."

"Kí ló túmọ̀ sí?" Ọmọ́bọ́lá bèèrè.

"Wọ́n ti kú, Àǹtí."

Mojí rìn lọ sí páìpù ìkẹyìn, ó ká tàpólì. Mákánjúọlá rá jáde, òógùn ti rin ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pinpin, kò sì rẹ́rìn-ín.

"Mo gbọ́ ẹsẹ̀ Ọmọ́bọ́lá," ni ó wí. "Ó dúró lẹ́bàá orí mi. Mo ní, ó parí, ó ti rí mi. Ó sì padà."

Ọmọ́bọ́lá wo ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀.

Mojí kọjá lọ sí ọ̀dọ̀ Bíyìí, ó tú síìpù báàgì tó wà láyà rẹ̀, ó sì yọ ẹ̀rọ náà jáde. Iná pupa rẹ̀ ń ṣẹ́jú. Ó ṣì ń ké.

"Nígbà tó gba báàgì ni mo ti rí i," ni ó wí. "Mo dákẹ́. Bí mo bá fi ẹnu sọ ọ́, ẹ ó ní mò ń wá àléébù."

"Àǹtí Mojí, àgbà mi ni wọ́n," Bíyìí wí. "Ṣé kí n máa wò wọ́n kí wọ́n máa ru ẹrù?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Máa wò wọ́n."

"Má bá ọmọ náà wí," Mákánjúọlá dá sí i. "Ìwà ọmọlúàbí ni ó hù. Èmi ni mo fi ẹ̀rọ sínú báàgì."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn ọ̀rọ̀ kan. Ní Deer Park, bí òṣìṣẹ́ bá fẹ́ wọ inú tánkì tó ní èéfín olóró, ṣé ẹ lè gbà kí ọmọ iṣẹ́ máa bá a gbé ìbòmú rẹ̀ dání níta, nítorí pé òṣìṣẹ́ náà dàgbà?"

"N óò lé àwọn méjèèjì kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ náà."

"Ta ni yóò lé yín, sà?"

Dókítà Ọládọ̀tun fi ikọ́ bo ẹ̀rín rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò bá a rẹ́rìn-ín.

Nígbà náà ni Ọmọ́bọ́lá sọ̀rọ̀. "Bíyìí, lọ́dún tó kọjá, ta ló gbé báàgì Bọ̀dá rẹ ní ẹ̀yìn òkè?"

Bíyìí wo ilẹ̀. "Èmi ni, mà."

"Láti ibo lo ti bá wọn gbé e?"

"Láti ìdí ọkọ̀, mà. Títí a fi sọ̀ kalẹ̀."

"Ẹ̀rọ yìí ńkọ́?"

"Inú báàgì náà ló wà."

Ọmọ́bọ́lá jókòó lórí páìpù. "Nítorí náà, ọkọ mi wà lórí òkè yẹn láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ láìní ohunkóhun lára. Òkè ló kàn dá a sí. Kì í ṣe pé ẹnikẹ́ni nínú yín gbọ́n."

Mojí jókòó tì í, ó sì bi Bíyìí bí wọ́n ṣe kọjá àwọn gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè. Bíyìí ní papọ̀ ni àwọn ń rìn, lẹ́sẹ̀ kan náà, nítorí pé kò dára kí a fi àgbà sílẹ̀ kí ó máa dá lọ.

"Bí gbogbo yín bá wọ ojú ibi tó lè ya lẹ́ẹ̀kan náà, tó sì ya, ta ni yóò wú ta?"

"Kò sí ẹni tó kù."

"Ṣé ẹ gbọ́ ohùn kankan lábẹ́ ẹsẹ̀ yín?"

Bíyìí wo Mákánjúọlá kí ó tó dáhùn. "Ó ṣe gbùùm nígbà kan, bí ìgbà tí ẹnìkan ju àpò ìrẹsì sílẹ̀ nínú yàrá kejì. Yìnyín náà rì díẹ̀ lábẹ́ wa. Ẹ̀rù bà mí."

"O kò sọ ọ́ fún mi," Mákánjúọlá wí.

"Ẹ̀yin lẹ wà níwájú, sà. Ẹ ní ká máa bọ̀."

"Òkè ló ń bá yín sọ̀rọ̀ yẹn," Mojí wí. "Ó ń sọ pé òun kò dúró dáadáa. Ẹni tó bá kọ́kọ́ gbọ́ ọ ló gbọ́dọ̀ ní kí gbogbo ènìyàn padà, ì báà jẹ́ òun ló kéré jù."

Mákánjúọlá dúró, ó ń gbọn yanrìn kúrò ní eékún. Ó jẹ́ ẹni tí kì í fẹ́ kí a bá òun wí níwájú ìyàwó òun. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òpùrọ́.

"A kò ní í gun ẹ̀yìn òkè lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀," ni ó wí. "A ó lọ sí Colorado. Mojí, bá wa wá àwọn olùkọ́ tó kọ́ ọ. Ọjọ́ tí a fẹ́ fi gun òkè, a ó fi kẹ́kọ̀ọ́ lórí yìnyín gan-an. Bí wọ́n bá ní a kò tíì tó, a ó padà sílé." Ó na ọwọ́, ó gba ẹ̀rọ ìwáni lọ́wọ́ Mojí, ó gbé e kọ́ ọrùn, ó sì fi ṣẹ́ẹ̀tì bò ó mọ́ ara. "Ẹ kọjú sí ẹ̀yìn ọkọ̀. Mo tún fẹ́ sá pamọ́."

Lọ́tẹ̀ yìí, Mojí kò fi ẹnu bèèrè mọ́. Ó gba ẹ̀rọ rẹ̀ padà lọ́wọ́ Ọmọ́bọ́lá, ó mú kí kálukú kọjá níwájú òun lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì fi gbọ́ igbe ẹ̀rọ tó wà lára ẹni náà. Lẹ́yìn náà ni ó dá ẹ̀rọ náà padà fún Ọmọ́bọ́lá, Mákánjúọlá sá pamọ́, wọ́n sì wá a. Igbe náà kò tẹ̀lé Bíyìí mọ́. Ó kéré lọ́dọ̀ òkìtì yanrìn, ó ga díẹ̀ lẹ́bàá páìpù àkọ́kọ́, ó sì ga sí i níwájú. Ọmọ́bọ́lá ń dín ohùn rẹ̀ kù bí ó ṣe ń le sí i, ó ń rìn díẹ̀díẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì fi ọwọ́ kan tàpólì kan.

"Bàbá Lará," ni ó wí, "ẹ dìde. Mo ti rí yín."

Ẹ̀yin ará wa, àwọn tó ń ti Houston lọ ṣeré lórí òkè ti ń pọ̀ sí i láàárín wa, kò sì sí ohun tó burú nínú rẹ̀. Ohun tó burú ni kí ẹni tó kàwé títí lọ yá ẹ̀rọ ìwáni bí ẹni yá agboòrùn, kí ó sì rò pé ẹ̀rọ náà yóò gba òun là fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ kúrò ní ibi tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ti ń ṣọ́ òkè, ẹ kọ́kọ́ gba ẹ̀kọ́ lọ́dọ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n, lórí yìnyín gan-an. Ìfidánrawò orí yanrìn kò tó. Kìkì àṣìṣe yín ni ó lè fi hàn yín. Lówùúrọ̀ ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lọ, ẹ bèèrè ipò tí yìnyín wà lọ́wọ́ àwọn tó ń mójú tó o, bí wọ́n bá sì ní kò dára, ẹ dúró sílé.

Ara ènìyàn ni ẹ̀rọ ìwáni ń gbé, lábẹ́ aṣọ, láti ìdí ọkọ̀ títí ẹ ó fi padà síbẹ̀. Kí ẹnìkan fi etí dán ti gbogbo yín wò kí ẹ tó gbéra, nítorí pé "mo ti tan án" kì í ṣe ẹ̀rí. Kálukú ni kí ó ru ṣọ́bìrì tirẹ̀ àti ọ̀pá gígùn tí a fi ń gún yìnyín wá ènìyàn. Ẹni tí ẹ bá fẹ́ wú jáde kò lè na ṣọ́bìrì sí yín láti ìsàlẹ̀.

Bí ẹ bá dé ojú gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí kò ṣe é yà fún, ẹ kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan, kí àwọn yòókù dúró níbi tí kò léwu, kí wọ́n máa wò ó. Èyí kì í ṣe ìfisílẹ̀. Ìṣọ́ni ni. Bí ẹni tó kéré jù nínú yín bá ní ọkàn òun kò balẹ̀, ẹ padà, kí àgbà má sì bèèrè pé ta ló ń bá òun sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, a kò ní kí ẹ dẹ́kun ọ̀wọ̀. Ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ kúnlẹ̀, ẹ bu omi fún àgbà, ẹ gba ẹrù lórí rẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú. Ṣùgbọ́n lórí òkè yìnyín, bí ẹ bá fẹ́ kí àgbà yín padà wá sílé, ẹ fi ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ lára rẹ̀.